Níbo Ni Mo Ti Lè Rí Ọnà Tuntun? Ìtọ́sọ́nà fún Aládìrẹ, Télọ̀ àti Ayàwòrán

Ìbéèrè kan náà lẹ̀ ń bi mí ṣáá: "Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lèmi náà ń ṣe. Ó ti sú mi. Níbo ni mo ti lè rí ọnà tuntun?" Aládìrẹ ń béèrè, télọ̀ ń béèrè, àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ìpolówó náà ń béèrè. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí n lè máa tọ́ka yín sí i.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ohun tí ẹ̀ ń rí pọ̀ tó. Odindi tí ẹ̀ ń gbé ló ń dà yín láàmú. Ẹ rí aṣọ kan, ẹ gbé e lódindi. Ẹ rí àwòrán kan, ẹ gbé e lódindi. Ó wá jọ ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, oníbàárà náà sì mọ̀. Ẹ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ni àwọn ìyá wa wò, àmọ́ wọn ò ya ilé náà. Òpó rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú, wọ́n wá tò ó mọ́ ṣíbí. Òpó ilé ìjọba àti ṣíbí ìjẹun! Ta ló ti rí àwọn méjèèjì lójú kan rí? Síbẹ̀, ẹni tó bá rí aṣọ yẹn lónìí á ní ti Ìbàdàn ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò ju ìyẹn lọ: ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ gbé e ti ohun tí kò bá a gbé rí.

## Kí ẹ tó jáde nílé

Ohun tí ẹ máa mú dání kò pọ̀:

- Fóònù tó ní kámẹ́rà. Ẹ pa àwọn fọ́tò àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà nínú rẹ̀.
- Ìwé kékeré tó lè wọ àpò, pẹ̀lú pẹ́ńsù 2B. Bírò kò dáa fún èyí, kò ṣeé parẹ́, kò sì ní dúdú àti fẹ́ẹ́rẹ́.
- Páálí tí ẹ gé ihò onígun mẹ́rin sí láàárín, kí ihò náà tó páálí ìṣáná. Páálí bisikí tó.
- Bébà funfun kan. Mo máa sọ ìlò rẹ̀.
- Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe kókó jù. "Mò ń wá ìlà tí mo lè fi ṣe etí aṣọ." "Mò ń wá àwọ̀ méjì tó máa bá aró mu." "Mò ń wá bí mo ṣe lè to nǹkan róbótó láìjẹ́ pé ó máa sú ojú." Ẹni tó bá jáde láìní ìbéèrè á kó fọ́tò rẹpẹtẹ dé, kò sì ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

## Bí a ṣe ń wo nǹkan: ẹ tẹ̀ lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ dúró. Ẹ má tíì yọ fóònù. Ẹ wo nǹkan náà fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ó máa kọ́kọ́ sú yín; lẹ́yìn náà lẹ máa wá rí ohun tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀.
2. Ẹ dín ojú kù, bí ẹni tí oòrùn ń ta sójú. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ á pòórá, yóò wá ku ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá dà rú mọ́ ara wọn lásìkò yìí, wọ́n máa dà rú lórí aṣọ náà. Ẹ kọjá síbòmíràn.
3. Ẹ gbé páálí oníhò sójú, ẹ di ojú kan, kí ẹ máa sún un kiri. Ẹ sún un jìnnà sójú, ẹ tún fà á mọ́ra. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.
4. Ẹ bi ara yín pé: kí ló fà mí? Ìlà ni? Àwọ̀ ni? Ìrísí ni? Tàbí ètò, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe? Ẹ mú ọ̀kan. Bí ẹ bá dáhùn pé "gbogbo rẹ̀ ni", ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.
5. Ẹ yà á sínú ìwé kí ẹ tó ya fọ́tò. Ìlà márùn-ún péré ti tó. Kò sẹ́ni tó máa wò ó, ẹ má tijú. Ọwọ́ tó bá fa ìlà náà ni kò ní gbàgbé.
6. Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan láti òkèèrè, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ìtòsí pátápátá. Ẹ má fi ìka fẹ àwòrán lójú fóònù, ṣe ló máa ń ba á jẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sún mọ́ ọn. Ẹ dúró kọjú sí nǹkan náà gan-an, torí ohun tí ẹ bá yà láti ẹ̀gbẹ́ á wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ ipa rẹ̀.
7. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: ibi tí ẹ wà, ọjọ́, àkókò, àti ohun tó fà yín. "Ó rẹwà" kò wúlò. "Páànù tó dípẹtà lẹ́yìn òjò, etí rẹ̀ dúdú ju àárín lọ" wúlò.

Ìkìlọ̀ lórí àwọ̀: kámẹ́rà fóònù a máa parọ́ àwọ̀, àgàgà aró àti gbogbo ohun tó bá súnmọ́ ọn. Ẹ gbé bébà funfun yẹn sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà nínú fọ́tò kan. Bí bébà bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò tàbí búlúù, ẹ mọ̀ pé gbogbo àwọ̀ yòókù ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́: "pupa osùn, kì í ṣe pupa ata."

## Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yín

Ẹni tí kò rí nǹkan kan ní àdúgbò rẹ̀ kò ní rí nǹkan ní Paris. Mo mọ̀ pé ìrìn-àjò ló ń wù yín, a máa dé ibẹ̀.

Irun. Bí ẹ bá ń wá ìlà, orí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Nínú ṣùkú, gbogbo ìlà ń gun òkè lọ pàdé ní àtàrí. Pàtẹ́wọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ̀ wá pàdé láàárín. Kòlẹ́sẹ̀ ń ti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ètò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, láìtíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ẹ jókòó tì í, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ ya ojú orí tó hàn láàárín dídì. Ẹ má ya irun náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ya irun, ó sì máa ń jáde bí irun; ẹni tó bá ya ojú orí ló ń rí ọnà.

Irin fèrèsé, géètì àti búlọ́ọ̀kù oníhò. Wẹ́dà tó wà ní òpópónà yín ti ń fi irin ya àwòrán láti ọjọ́ yìí, kò kàn sẹ́ni tó ń pè é ní ayàwòrán ni. Ẹ wo àwọn ilé tó ti pẹ́, níbi tí irin fèrèsé ilé kan kò ti jọ ti èkejì. Ọgbọ́n kan wà níbí: láàárọ̀, ẹ ya òjìji irin náà lórí ilẹ̀ tàbí ara ògiri, ẹ fi irin sílẹ̀. Oòrùn á ti fà á gùn, á ti tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọnà náà á sì ti di ti yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Páànù òrùlé. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò ní àwíjàre. Ẹ gun òkè Mápó, tàbí Ilé-ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Páànù tuntun, páànù tó ń dípẹtà àti èyí tó ti dípẹtà tán máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ máa bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn ló sì bá ara wọn mu.

Ọjà. Ẹ má wo ohun tí wọ́n ń tà, bí wọ́n ṣe tò ó ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tàbí ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, ojú yín á fẹ́ lọ sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ olóhun ni. Etí àwọn aṣọ tí wọ́n ká lérí ara wọn ni kí ẹ wò, níbi tí aṣọ ogún ti di ìlà ogún, tí aró tó kún wà lórí aró tó ṣá. Ìlọ́po àwọ̀ tí ẹnì kankan kò pète wà níbẹ̀.

Dáńfó Èkó. Yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì: ẹ wò ó bí àwọ̀ méjì péré ṣe ń pe èèyàn láti òkèèrè. Fún ẹ̀yin tó ń ṣe ìwé ìpolówó, ìkọ̀wé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sẹ́yìn ọkọ̀ dáa ju ọ̀pọ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń fún yín lọ. Àmọ́ ẹ má yọ fóònù sí ojú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Àkókò tó dáa jù ni láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí tí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Ọ̀sán gangan kì í ní òjìji, àwọ̀ a sì máa ṣá. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń rọ gbogbo àwọ̀ lójú; bí ẹ bá ń wá àwọ̀ tútù, ìgbà yẹn ni kí ẹ jáde.

## Nínú ilé ọnà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á rìn yíká, wọ́n á ya gbogbo nǹkan, wọ́n á ya ara wọn náà, ó parí. Ẹ gbìyànjú èyí:

1. Ẹ rìn yíká kánmọ́kánmọ́ láì dúró. Èyí tó bá ń pe ojú yín padà ni kí ẹ sàmì sí.
2. Ẹ padà sí ẹyọ kan, kí ẹ lo ogún ìṣẹ́jú níwájú rẹ̀.
3. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta: ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìlà rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà *àyè òfìfo* tó wà láàárín ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló máa ń le jù, òun náà ló sì máa ń mú èso jù.
4. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kà á, ohun tí wọ́n ní kí ẹ rí lẹ máa rí.

Ibo lẹ lè lọ? Ní Ilé-Ifẹ̀, musíọ́mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ẹ wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n lójú àwọn orí idẹ kan: ìlà náà ń tẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń yí bí egungun ṣe ń yí. Ẹni tó bá ń ṣe aṣọ onílà á rí i pé ìlà kò dìgbà tó bá tọ́ gbọnrangandan. Ní Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló wà ní musíọ́mù tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Irun orí àwọn ère yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn lè fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní Èkó, Musíọ́mù Orílẹ̀-èdè ní Oníkàn àti Ilé Àṣà Yorùbá John Randle wà ní ìtòsí ara wọn, ẹ lè fi ọjọ́ kan wo méjèèjì. Ilé ọnà Nike wà ní Lẹ́kkí, Musíọ́mù Yemisi Shyllon sì wà ní Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí láti 2019. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣí.

Bí àwọ̀ bá jẹ́ ìṣòro yín, ẹ wá iṣẹ́ Yusuf Grillo rí, ayàwòrán àti olùkọ́ ńlá ní Yaba College of Technology, tó kú ní 2021. Búlúù àti àwọ̀ àlùkò ló fi kún gbogbo ojú àwòrán rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò ní dárúkọ méjì tó jọra. Bí ìṣòro yín bá jẹ́ pé ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa gbé ohun ayé òde òní sínú ọnà àbáláyé, ẹ wo ilẹ̀kùn tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí, ní British Museum, fọ́tò rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú kan, ọba jókòó. Lójú kejì, wọ́n gbé aláṣẹ òyìnbó sínú àkéte ìgbérù, ó ká ẹsẹ̀ kò. Olówè kò lọ sí òkè òkun lọ wá ohun àjèjì. Ohun tó wọ ìlú ló gbẹ́, ó sì fi ìlà onígun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ pa iná kámẹ́rà kí ẹ tó wọlé. Ẹ béèrè ní ẹnu géètì bóyá wọ́n gba fọ́tò láyè. Ibòmíràn máa gba owó lọ́tọ̀. Bí wọn ò bá gbà, ìwé àti pẹ́ńsù ṣì wà lọ́wọ́ yín.

## Ìrìn-àjò

Ìlú kan, ìbéèrè kan. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ kan á rí ọ̀nà márosẹ̀ ni.

Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ síbẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ọdún náà dùn, àmọ́ èrò kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan. Ọjọ́ lásán ni kí ẹ lọ, láàárọ̀. Ẹ wo ògiri sìmẹ́ǹtì àti ère tí Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú bíi Adébísí Àkànjí ṣe. Àkànjí, bíríkìlà ni kó tó di oníṣẹ́-ọnà. Ẹ wo bó ṣe ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò ògiri kọjá. Ilé ìjọsìn ni o, àwọn èèyàn ń bọ níbẹ̀ lónìí olónìí. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó padà dé láti Brazil àti àwọn ọmọ wọn ló kọ́ àwọn ilé yìí. Ẹ wo Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, àti Ilé Omi ní òpópónà Kakawa: ojú fèrèsé, òdòdó sìmẹ́ǹtì, òpó. Ẹ tètè lọ. Ilé Ìlọ́jọ̀, tó jẹ́ ohun ìrántí ìjọba, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2016, fọ́tò nìkan ló kù.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí Pópó Àgùdà bá ti wọ̀ yín lójú, ibẹ̀ ló kàn. Mọ́sálásí ńlá tó wà níbẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil débi pé èèyàn á tún un wò, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jaburata. Ẹ gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, kí ẹ ṣẹ́ owó sí sẹ́fà. Ẹ má ya fọ́tò ní bọ́dà rárá.

Bí ilé ìgbàlódé bá wù yín ju ti àtijọ́ lọ, Yunifásítì Ifẹ̀ ti tó. Ilé ẹ̀kọ́ tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tó ń ṣíji bo ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ ńlá ni nípa bí òjìji ṣe lè di apá kan ọnà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ yà níbikíbi: bárékè, tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, pápákọ̀ òfuurufú, àti eégún tí ẹ ò mọ òfin rẹ̀. Òǹtajà tàbí ọmọdé, ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yà wọ́n. Bí ìyá kan bá ní òun ò fẹ́, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

## Láti inú fóònù bọ́ sórí aṣọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń já jù. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣe é.

1. Ẹ mú fọ́tò mẹ́ta péré nínú gbogbo ohun tí ẹ yà. Ẹ kó ìyókù sínú fóldà kan, ẹ fi orúkọ ìlú pè é.
2. Ẹ tẹ ọ̀kan jáde, ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí gíláàsì fèrèsé, kí ẹ tọ ipa *ẹyọ kan* tó fà yín. Ká ní òjìji irin fèrèsé ni: ìlà rẹ̀ nìkan, kì í ṣe ògiri, kì í ṣe fèrèsé.
3. Ẹ yọ ìdajì rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rù á bà yín. Ẹ yọ ọ́.
4. Ẹ tún un yà nígbà mẹ́rin lórí ìlà kan. Lẹ́yìn náà ẹ dojú èyí tó jẹ́ èkejì àti ẹ̀kẹrin délẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sún ìlà tó tẹ̀ lé e kúrò lọ́gbọọgba, kó bọ́ sí àárín méjì. Ètò mẹ́ta lẹ ti rí láti ara nǹkan kan.
5. Ẹ mú àlejò wá. Ẹ ṣí ìwé yín sí ojú ewé mìíràn, ti ọjọ́ mìíràn, kí ẹ mú nǹkan kan níbẹ̀. Ojú orí pàtẹ́wọ́ láàárín òjìji irin, fún àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan tóbi, kí ìkejì kéré.
6. Ẹ fi kọ́ ògiri, kí ẹ lọ dúró ní ìpẹ̀kun yàrá. Òkèèrè ni èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí aṣọ lọ́rùn ẹni.
7. Ẹ dán an wò lórí èékù aṣọ kí ẹ tó ná owó sí ọ̀pá márùn-ún.

Kí ẹ tó dé ìgbésẹ̀ keje, ẹ bi ara yín pé irú iṣẹ́ wo ni ọnà yìí fẹ́, torí ohun tó dùn lórí bébà lè má gbà lórí aṣọ:

- Àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí): ìyẹ́ adìẹ lè fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè tẹ̀ kọrọ. Òun ló gba nǹkan wẹ́wẹ́ jù.
- Onípáànù (páànù tí a gé ihò ọnà sí, tí a ń gba inú rẹ̀ fi ẹ̀kọ sórí aṣọ): ẹ rí i dájú pé nǹkan kan so gbogbo ẹ̀yà pọ̀. Ẹ̀yà tó bá dá dúró láàárín ihò á já bọ́ ni.
- Alábẹ́là: ìda gbígbóná máa ń ṣàn. Ìlà méjì tó bá sún mọ́ra jù á di ọ̀kan.
- Oníko (èyí tí a fi okùn dì): róbótó, tótòtó àti ìlà tó ń tàn káàkiri ló mọ̀. Ẹ má fi òpó Mápó dà á láàmú.
- Aṣọ òkè: ìlà tó dúró ṣánṣán ni iṣẹ́ òfì. Bí ọnà yín bá tẹ̀ kọrọ, ẹ yí i padà sí àtẹ̀gùn onígun, tàbí kí ẹ mú àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ẹtù: aró dúdú pẹ̀lú ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, ó tán.

Ẹ má gbàgbé èyí tó ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: nínú ẹlẹ́kọ àti onípáànù, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní mú. Ohun tí ẹ yà ní dúdú lórí bébà á jáde ní fẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ á sì di aró. Ẹ fi fóònù yí àwòrán yín padà, dúdú sí funfun, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wù yín.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Pinterest (ìkànnì àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì) nìkan. Mi ò ní kí ẹ má wò ó. Àmọ́ ohun tó fi hàn yín ló ń fi han ẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn, ẹlòmíràn ló sì ti bá yín yan ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti yín, kí ẹ tó lọ wo ti wọn.

Àwọ̀ púpọ̀. Mẹ́ta tó. Ẹni tó bá ní òun nílò méje, ètò ló ń wá, kì í ṣe àwọ̀.

Kíkó jọ láì ṣe. Ó máa ń dà bí iṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́.

Fífi ohun mímọ́ ṣe ọ̀ṣọ́. Àmì Odù Ifá, aṣọ eégún, ohun ojúbọ. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fi sára ìrọ̀rí tàbí ṣòkòtò. Nígbà mìíràn ìdáhùn á jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Dída iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ ayàwòrán lórí iṣẹ́ rẹ̀ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Iṣẹ́ Grillo àti ti Wenger ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀. Ẹ ò lè tẹ àwòrán wọn sára ẹ̀wù tà. Ọnà àtijọ́ bíi Ìbàdàndùn jẹ́ ti gbogbo wa, àmọ́ èyí tí ìyá kan ní Ìtòkú dá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tirẹ̀ ni.

## Bí owó ọkọ̀ kò bá sí, tàbí bí ẹ bá wà lókè òkun

Bí owó kò bá sí, ẹ rin òpópónà yín kan náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, kí ìbéèrè yàtọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìlà, àwọ̀, ìrísí, ètò. Bí òjò kò bá jẹ́ kí ẹ jáde, ilé ìdáná ti tó. Ẹ gé àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀méjì, ní gígùn àti ní ìbú, kí ẹ ya méjèèjì.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn Olówè fúnra yín, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti iwájú nìkan, ẹ ò ní mọ bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe yọ síta tó. Ní Chicago, Art Institute ní òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Olówè gbẹ́. Ẹ̀yin ará Salvador ní Brazil, pákó kédárì 27 tí ayàwòrán Carybé fi ṣe àwọn òrìṣà wà ní Museu Afro-Brasileiro. Ẹ wo bó ṣe lo owó ẹyọ àti irin láàárín igi.

Fún ẹni tí kò lè lọ, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. The Met ní New York àti Art Institute ti Chicago gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ wọn ti parí, títí kan fún títà; ẹ wá àmì CC0. Ní ti British Museum, ẹ lè fi ọ̀pọ̀ fọ́tò wọn kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tẹ fọ́tò náà gan-an sórí ohun títà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àṣẹ kí ẹ sì san owó. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìlà márùn-ún láti ara rẹ̀, tó yọ ìdajì, tó mú àlejò wá, kò nílò fọ́tò náà mọ́.